Freedom Park, Broad Street: ẹ má wo ọgbà náà láì rin àdúgbò rẹ̀

Orin ló ń pe ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí Freedom Park ní Erékùṣù Èkó, ọgbà ìgbafẹ́ tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ ásùn, wọ́n á mu ẹmu, wọ́n á jó, wọ́n á sì gba ilé wọn lọ láì mọ̀ pé ibi tí àwọn olórin dúró sí gan-an ni wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ láyé ìjọba amúnisìn. Orin náà dáa, a ò bá a jà. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ jẹ èrè owó ìwọlé yín, ọgbà náà nìkan kò tó. Ìdajì ohun tí ẹ wá wò ló wà nínú ọgbà. Ìdajì kejì wà ní Broad Street, Catholic Mission Street, Pópó Àgùdà, Tinúbú àti Oníkàn, ẹsẹ̀ sì lè gbé yín dé gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ògiri bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣẹ́kù jù lọ nínú ọgbà náà. Ní December 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Ní ọjọ́ 6 oṣù August 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ síwèé tí Èkó fi di ti Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Ọdún 1882 ni wọ́n kọ́ ẹ̀wọ̀n sí Broad Street. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, koríko ni wọ́n sì fi bo orí rẹ̀. Àwọn tó kórìíra ìjọba yẹn tètè rí ibi tó kù sí: wọ́n ń ju iná sí i, ó ń jó. Ní 1885 ni ìjọba kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi tún ẹ̀wọ̀n náà kọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí bíríkì òkèèrè nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé ayé ìgbà náà jẹ́ ilé amọ̀.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ má kánjú lọ sí ibi oúnjẹ. Ẹ sún mọ́ ògiri àyíká ní ibi tí bíríkì bá ti hàn síta, kí ẹ wo àárín bíríkì kan sí èkejì. Àwọn akọ́lé ìgbà náà, ẹfun àti yanrìn ni wọ́n fi ń lẹ bíríkì pọ̀. Ó rọ̀ ju símẹ́ǹtì lọ, ọ̀rinrin inú ògiri sì máa ń gba ibẹ̀ jáde. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ayé ìsinsìnyí bá fi símẹ́ǹtì líle dí irú ibẹ̀, ọ̀rinrin kò ní rí ọ̀nà mìíràn ju ojú bíríkì fúnra rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ Èkó ní iyọ̀ òkun nínú. Iyọ̀ yẹn á gbẹ sínú bíríkì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojú rẹ̀ ṣí bí èèpo. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé àárín bíríkì le, ó sì funfun sí eérú, ṣùgbọ́n bíríkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ wọnú, ohun tó fà á nìyẹn. Bákan náà ló ń ṣe àwọn ilé àtijọ́ káàkiri àdúgbò, ẹ ó sì tún pàdé rẹ̀ bí ẹ bá jáde.

Àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀ ni ọgbà náà fi ń yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Herbert Macaulay ni ti àkọ́kọ́. Ọmọ Broad Street ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1864. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni níhà ìyá. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859 ní Broad Street yìí kan náà, nínú ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House. Òpópónà tí bàbá ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ni ìjọba ti fi ọmọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kóòtù rán Macaulay lẹ́wọ̀n. Ti 1913 jẹ mọ́ owó ogún tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ti 1928 jẹ mọ́ ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, tó gbé ìròyìn jáde pé wọ́n ń gbèrò láti pa Elékòó Eṣùgbàyí, ọba tí ìjọba ti yọ nípò ní 1925. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sọ fún un. Nígbà tó fi máa di 1931, ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà kí Eṣùgbàyí padà sí Èkó. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kó tó wọlé máa mọ ìdí tí ẹ̀wọ̀n yìí fi wúwo lọ́kàn àwọn ará Èkó: ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ọba, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já sí.

Ìkejì ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní 1962 pé òun àtàwọn kan ń gbìmọ̀ láti fipá gbàjọba. Ibí wà lára ibi tí wọ́n tì í mọ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Calabar. Ní July 1963, nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, Ṣẹ́gun àkọ́bí rẹ̀ kú nínú jàǹbá ọkọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù September ọdún yẹn ni adájọ́ rán bàbá náà lẹ́wọ̀n ọdún 10. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà yẹn. Èyí ló jẹ́ kí ibí yàtọ̀ sí ibi tí èèyàn kàn ti lè bú òyìnbó kó sì máa lọ: ìjọba tiwa náà lo ilé yìí, ó sì lò ó títí di 1972 kó tó tì í. Ìyẹn ló yẹ kí olùtọ́nisọ́nà kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ iléèwé, kì í ṣe kó fi parí ọ̀rọ̀.

Ní 1979, wọ́n wó àwọn ilé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n náà palẹ̀, ibẹ̀ sì di ààtàn. Theo Lawson, ayàwòrán-ilé, ló gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ àti ibi ìrántí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ló ṣe é, wọ́n sì ṣí i ní October 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún.

Ibi tí iṣẹ́ Lawson ti wú wa lórí jù lọ ni pé kò gbìyànjú láti kọ́ ẹ̀wọ̀n irọ́. Ó fi ipò nǹkan sílẹ̀. Ibi ìsokọ́ di orí ìtàgé ńlá. Àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n ní ìrísí tó kù nílẹ̀, èèyàn lè wọ inú ọ̀kan kó na ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kó fi ara rẹ̀ mọ bí ó ti há tó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ sì kọjá. Igi àti koríko wà, orísun omi wà, ilé àwòrán kan wà, mùsíọ́mù kékeré wà. November lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ CORA máa ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní LABAF níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé, àsìkò yẹn ni kó wá, torí ìjíròrò máa ń wáyé ní ìgun mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òǹkọ̀wé sì máa ń jókòó láàárín èrò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀, àti ohun tó fà á. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú èrò pé òun máa rí ilé ẹ̀wọ̀n tó ní ilẹ̀kùn irin àti yàrá òkùnkùn kò ní rí i. Iṣẹ́ 1979 ti parí ìyẹn. Èkejì, mùsíọ́mù ibẹ̀ kéré sí ìtàn tó gbé. Orúkọ àwọn ńlá ńlá pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kún ẹ̀wọ̀n náà jù, àwọn tálákà tí kò rówó ìtanràn san, àwọn olè jíjà kéékèèké, àwọn obìnrin, àwọn tí okùn mú lọ, ohùn wọn kò pọ̀ tó níbẹ̀. Lójú tiwa, àtúnṣe tó yẹ kó ṣáájú nìyí, kó tó kan fífi ìtàgé mìíràn kún un. Ẹ̀kẹta, ìrọ̀lẹ́ tí àríyá bá wà kò dáa fún ẹni tó wá kàwé ara ògiri. Gbohùngbohùn á máa dún, ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí á ti kún fún àga. Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló dára fún ìtàn, ìrọ̀lẹ́ Friday sí Sunday fún fàájì. Bí ẹ bá fẹ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan, ẹ wọlé ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ yí ọgbà náà ká tán, kí ẹ wá wá àga.

Ọ̀nà tí a gbà yín níyànjú láti rìn, ìwọ̀-oòrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ọgbà náà ni ẹ ó sì bá lọ́wọ́ ìparí. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Mile 2, kó sọ̀ ní Marina. September 2023 ni ọkọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, òun náà ni ti bọ́ọ̀sì BRT, nítorí náà ẹ ra á, kí ẹ sì fi owó àlọ àti àbọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má bàa tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ń gba ọ̀nà Ìkòròdú bọ̀ lè bá BRT dé TBS (Tafawa Balewa Square), kí wọ́n wá yí ọ̀nà tí a ń sọ yìí padà. Ẹ má gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá bí ẹ bá lè yẹra. Ẹ̀bá títì Broad Street kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, àwọn LASTMA tó ń darí ọkọ̀ kì í sì í jìnnà.

Láti Marina, ẹ gun òkè lọ sí Ìta Tinúbú, tí wọ́n fi orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú pè. Ibẹ̀ ni ilé Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Brazil lẹ́yìn oko ẹrú, tí wọ́n ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar dúró sí, ilé ìdílé Fernandez níbẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin dáàbò bò ó láti 1956. Ní September 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí òfin 60 ọdún kò fi gba ilé kan sílẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ilé Àgùdà jẹ́ ilé ẹbí. Ọmọ bàbá kan á di ọmọ ọmọ 20, á di 80, ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìpín, kò sẹ́ni tó ní ojúṣe àtúnṣe. Páànù á kọ́kọ́ jò. Omi á máa wọ orí ìtì igi tó gbé àjà ró, igi á jẹrà níbi tó ti wọnú ògiri, níbi tí ojú kò tó. Ògiri amọ̀ tí ẹ̀rẹ́ símẹ́ǹtì bò lójú á mu omi wú láti inú. Nígbà tí ògiri bá fi máa là, owó àtúnṣe ti ju ohun tí ẹbí lè dá lọ, owó ilẹ̀ sì ti ju owó ilé lọ ní ìlọ́po. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtajà á dé, àwọn kan nínú ẹbí á gbà, àwọn kan á kọ̀, ilé á wó nílé ẹjọ́ kó tó wó lórí ilẹ̀. Àkọlé ìjọba lára ògiri láì sí owó àtúnṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò lè dá omi dúró.

Bí ojú ọjọ́ bá ṣì tutù, ẹ yà sí Martins Street kí ọjà tó kún, kí ẹ wo Mọ́sáláṣí Shitta-Bey. Ará Àgùdà, João Baptista da Costa, ló darí kíkọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù July 1894 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ yẹn ni Mohammed Shitta gba oyè Bey tí Sultan ilẹ̀ Tọ́kì fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ wo òdòdó símẹ́ǹtì ojú ògiri rẹ̀, kí ẹ rántí rẹ̀ bí ẹ bá dé iwájú àwọn ilé Pópó Àgùdà. Ọwọ́ kan náà ni.

Ẹ padà sí Broad Street, kí ẹ yà sí Kakawa Street. Ilé Omi wà níbẹ̀, ilé João Esan da Rocha, tí wọ́n mú lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil lọ́mọdé, tó sì padà wálé pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ. Kànga inú ọgbà rẹ̀ ló sọ ilé náà lórúkọ: ó ń ta omi mímọ́ fún ìlú tí kò tíì ní omi ẹ̀rọ. Ọmọ rẹ̀ Candido ló wá di olówó tí àwọn ará Èkó fi ń ṣe àpèjúwe ọrọ̀ títí dòní.

Pópó Àgùdà fúnra rẹ̀, láti Bamgbóṣé Street lọ sí Campos Square àti Tokunboh Street, ni ọkàn ìrìn yìí. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dìtẹ̀ ní Bàhíà ní 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan jáde, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀ padà. Wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rúndún yẹn fi ń parí lọ. Bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀ àti alásè pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ dá ilé wọn mọ̀, ẹ wo fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ẹ wo òpó símẹ́ǹtì tí wọ́n yọ sójú ògiri, kí ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà: ó wà láàárín gbùngbùn, ọ̀nà tààrà kan la ilé já sẹ́yìn, yàrá sì kọjú síra lọ́tùn-ún lósì. Àwòṣe yẹn ló tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òun ló sì wá di ilé fesimí-àyí-fésì tí gbogbo ayálégbé mọ̀. Ẹ kí ará ilé kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́ ṣé a lè ya ojú ilé yín? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àgbàlagbà ilé á sì fúnra rẹ̀ sọ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹni tó bá ya fọ́tò láì kíni ló máa ń rí ìjà.

Àsìkò Àjíǹde ni Pópó Àgùdà máa ń dùn jù. Good Friday ni wọ́n ń se fẹ̀jọ́n: ẹ̀wà tí wọ́n bọ̀ rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè kúrò, tí wọ́n wá fi omi àgbọn tó ki sè pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù. Ẹja díndín àti ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ìkánjú. Bí iná bá le, ìsàlẹ̀ ìkòkò á jó, òórùn jíjó yẹn á sì gba gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ Monday Àjíǹde ni kàníbà máa ń jáde pẹ̀lú aṣọ aláràbarà àti fèrè. Ọkọ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ nìkan ni.

Láti Campos, ẹ sọ̀ sí Catholic Mission Street. Holy Cross Cathedral tó wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1881, iṣẹ́ ọwọ́ Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni, Àgùdà méjèèjì. City Hall kò jìnnà sí i, King's College tó bẹ̀rẹ̀ ní 1909 náà nìyẹn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n, iléèwé ìjọba, ilé ìwòsàn ìjọba, ilé kóòtù, gbogbo rẹ̀ lójúkò kan. Ẹni tó bá rìn ín á rí i pé ìjọba amúnisìn kó ohun èlò agbára rẹ̀ jọ sí etí àdúgbò àwọn Àgùdà àti Lafiaji, ibi tí àwọn ọmọ ìlú ń gbé.

Àwọn ọmọ ìlú yẹn kò sí níbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ LEDB (Lagos Executive Development Board) ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ní ibẹ̀ há, ó sì dọ̀tí. Ohun tí ìwó náà fà kò tán títí dòní: ilé ọ́fíìsì gbapò ilé ẹbí, tó fi jẹ́ pé bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sunday, àwọn òpópónà kan á dá páropáro. Ẹ má dá rìn níbẹ̀ lálẹ́.

Ẹ wọ Freedom Park lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ó rí i pé ó ti yàtọ̀. Ẹ mú owó lọ́wọ́ yàtọ̀ sí káàdì báǹkì, torí íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn olóúnjẹ lè dákú. Owó ìwọlé ń yí padà, ti àríyá ńlá sì yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́, nítorí náà ẹ béèrè èyí tó kan ọjọ́ yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Kámẹ́rà ńlá nílò àṣẹ. Ní June, July, September àti October, ẹ wọ bàtà tó lè gba omi, torí ojú títì Erékùṣù máa ń kún tí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan. Bí ó bá sì bọ́ sí ọjọ́ Ẹ̀yọ̀, ẹ ṣọ́ra: irun ṣùkú, sálúbàtà àti sìgá jẹ́ èèwọ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀yọ̀, ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, kì í sì í bi àlejò pé níbo lo ti wá.

Bí agbára bá ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín, Oníkàn wà lọ́wọ́ iwájú. Ẹ ó kọjá TBS, pápá eré ẹṣin àtijọ́ tí wọ́n ti gbé àsíá Nàìjíríà sókè ní ọjọ́ 1 oṣù October 1960, tó wá di gbàgede ẹlẹ́ṣin funfun àti idì pupa ní 1972. Lẹ́yìn rẹ̀ ni National Museum ti 1957, àti John Randle Centre, tó dúró sí ibi tí Dókítà John Randle ti gbẹ́ odò ìwẹ̀ fún àwọn ọmọ Èkó ní 1928. Tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ yàtọ̀, kò sì yẹ kí ẹ fún un ní àkókò tó kéré sí wákàtí méjì. Bí àkókò kò bá tó, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.